Mo Rán Òjé Mọ́ Inú Ìjókòó Alùpùpù Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí ẹ bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí ẹ ò sì tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa ń gùn ún mọ́. Ìyàwó yín wà lẹ́yìn yín, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn ìyàwó, dókítà wà lẹ́yìn àwọn ọmọ, gbogbo wọn ń sọ pé kí ẹ sọ̀, kí ẹ sọ̀. Alùpùpù tó lè gbé gbogbo ìyẹn, ó yẹ ká máa kí i kú iṣẹ́.

Èmi ò sọ̀. Iṣẹ́ mi gan-an ni kí n máa rán ìjókòó alùpùpù. Tí lẹ́dà ìjókòó yín bá ya, tí fóòmù ẹ̀ bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ máa gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, màá tú u, màá fi tuntun sí i. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Abẹ́rẹ́. Láti kékeré, ìdí àwọn èèyàn ni mo fi ń jẹun, mi ò sì fi bò.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kòrẹ̀mí là ń pè é, torí bí ẹ bá ní kó sinmi, ohun tó máa fi dá yín lóhùn nìyẹn. Ọdún méje ló fi jù mí lọ. Òun ló kọ́ mi ní alùpùpù nígbà tí irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lágbọ̀n mi. Òun náà ló máa ń léwájú nínú ẹgbẹ́ wa, àwa àgbàlagbà mélòó kan tá a máa ń kóra jọ láàárọ̀ Sátidé ní ọgbà mẹkáníìkì. A máa gùn dé orí afárá odò, a máa mu tíì, a máa purọ́ díẹ̀ nípa bá a ṣe máa ń sáré nígbà èwe wa, a máa padà sílé.

Ẹgbẹ́ wa ní òfin kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tíṣà ló bí òfin náà.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tó ṣubú lójú ọ̀nà kan tí èèyàn kì í sábà gbà. Alùpùpù ẹ̀ dùbúlẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, kò sì lágbára láti gbé e kúrò. Ibẹ̀ ló wà títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi rí i, ẹsẹ̀ náà ti kú. Wọ́n gé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kòrẹ̀mí dìde láàárín wa. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí kò bá lè gbé alùpùpù ẹ̀ dìde nílẹ̀ fúnra ẹ̀ ò gbọdọ̀ gùn ún mọ́.

Báyìí ló ṣe ń lọ. Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, oníkálukú máa tẹ́ alùpùpù ẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ó máa kẹ̀yìn sí i, ó máa bẹ̀rẹ̀, ó máa fi ọwọ́ kan di háńdù mú, ó máa ti ọwọ́ kejì bọ abẹ́ ìjókòó, ó máa wá fẹ̀yìn rìn títí alùpùpù náà á fi dúró. Ẹni tó bá gbé e, ó di àmọ́dún. Ẹni tí kò bá gbé e máa mú òòlù, á kan kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mọ́ igi tó wà láàárín ọgbà náà. Fúnra ẹ̀ ló máa kàn án. Tó bá ṣì wù ú láti bá wa lọ, kó jókòó sẹ́yìn ẹlòmíì bí ìyàwó.

Kò sẹ́ni tó gbà láti jókòó sẹ́yìn rí. Ilé ni àwọn tó kan kọ́kọ́rọ́ mọ́ igi máa ń wà, wọ́n á máa sọ fáráyé pé ìyàwó àwọn ló ní káwọn má gùn ún mọ́.

Lọ́dún kan, díẹ̀ ló kù kí n kan tèmi. Orúnkún mi òsì ti ń dùn mí, mi ò sọ fẹ́nì kankan. Mo gbé alùpùpù mi dé ìdajì, ó fà mí padà. Mo tún gbé e, ó tún fà mí. Ìgbà tó yá ló tó dúró, èmi náà dúró tì í, àwa méjèèjì jọ ń gbọ̀n. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, irú èyí tí wọ́n máa ń pa fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Kòrẹ̀mí gbá mi léjìká. "Abẹ́rẹ́, lọ́dún tó ń bọ̀, kó o mú òòlù tìẹ dání láti ilé. Èyí tó wà níbí ò ní tó ẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀rín náà délé, mo sì fi gbogbo ọdún jẹ ẹ́ lẹ́nu.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni o. Bó ṣe máa ń bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tó ti ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ti òòlù yìí tán. Tá a bá ń mu tíì lórí afárá, ó máa béèrè àlàáfíà òòlù mi. Tí mo bá lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, ó máa béèrè bóyá mo ti rà á. Nígbà tí ọjọ́ ìbí mi kò, ó gbé ẹ̀bùn wá, ó wé e sínú bébà aláràbarà, ó fi ríbọ́ǹ so ó. Mo tú u lójú àwọn ọmọ mi. Òòlù kékeré kan ni.

Àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tí òjò ń parí lọ, ìjókòó alùpùpù Kòrẹ̀mí ya. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n bá òun ṣe é dáadáa torí ìdí àgbà ni, ìdí àgbà ò sì fẹ́ wàhálà. Mo ní kó máà ṣèyọnu, mo ní ẹ̀bùn tèmi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nǹkan kan nípa iṣẹ́ wa. Tá a bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ fóòmù mọ́ páànù ìsàlẹ̀ ìjókòó, a gbọ́dọ̀ gbé nǹkan tó wúwo lé e kó tó gbẹ. Òkúta làwọn kan ń lò. Èmi, òjé ni. Òjé inú bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ ni mo yọ́, mo dà á sínú agolo sàdíìnì kó lè dì. Pẹlẹbẹ ni wọ́n, igun wọn rí roboto, wọ́n kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fọwọ́ kan gbé ẹyọ kan, ẹ máa bú mi. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi rí ló mọ̀ wọ́n. Sàdíìnì Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n ládùúgbò.

Mo lẹ fóòmù àkọ́kọ́ mọ́ ìjókòó Kòrẹ̀mí, mo to òjé lé e, mo lọ jẹun. Nígbà tí mo dé, gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Ó ku kí n kó òjé kúrò, kí n fi fóòmù kejì lé e, kí n fa lẹ́dà bò ó.

Ọwọ́ mi dé orí òjé. Kò gbé e.

Mo wo òòlù kékeré tó wà lórí tábìlì. Mo ronú pé tí Kòrẹ̀mí ò bá lè gbé alùpùpù ẹ̀, ó dájú pé kò ní gbà kí kọ́kọ́rọ́ òun wà lára igi. Ẹnu ẹ̀ tó fi gbé òfin náà kalẹ̀ ló máa fi wọ́gi lé e. Orúnkún mi á bọ́. Kò sẹ́ni tó máa fara pa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí, ìkà kì í wá bá èèyàn tòun tìwo lórí. Bí ọ̀lẹ ni tèmi ṣe wá. Ó ní kí n má ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n ṣáà fi nǹkan sílẹ̀ níbi tó wà.

Mo fi sílẹ̀. Mo tiẹ̀ fi méjì kún un kó má bàa jẹ́ iṣẹ́ àbọ̀. Mo fi fóòmù kejì bò wọ́n, mo fa lẹ́dà, mo rán an, mo ta kókó ìparí. Ó dára lójú. Nígbà tí mo gbé e, àfi bí ẹni pé ọmọ ọdún márùn-ún kan sùn sínú ẹ̀.

Èmi ni mo gbé e lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, èmi ni mo fi sípánà dè é mọ́ alùpùpù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, kí ẹlòmíì má bàa fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi gbé omi tútù fún mi. Ó ń sọ fún ọkọ ẹ̀ pé àbúrò tó ń rántí ẹni ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí.

Kòrẹ̀mí jókòó lé e, ó sún síwá, ó sún sẹ́yìn. "Abẹ́rẹ́, ó le díẹ̀."

"Fóòmù tuntun ni, ẹ̀gbọ́n. Ìdí yín ló máa rọ̀ ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó kúrò nílé, mo fa epo inú táńkì tèmi sílẹ̀ ó ku díẹ̀, mo yọ gbogbo irinṣẹ́ tó wà lára alùpùpù mi sínú àpò kó lè fúyẹ́, mo ju òòlù kékeré náà mọ́ wọn. Tèèyàn bá máa ṣe màgòmágó, kó ṣe é dé ojú ẹ̀.

Kòrẹ̀mí ló dàgbà jù, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbé. Ó tẹ́ alùpùpù sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó ní kí Abẹ́rẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀. Alùpùpù gbéra díẹ̀, ó padà sílẹ̀.

Ó tún gbé e. Orúnkún ẹ̀ ń gbọ̀n. Alùpùpù dé ìdajì, ó padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, iṣan ọrùn ẹ̀ yọ sóde bí okùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, ó fìdí jókòó sílẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé èmi ló ń sín jẹ ni. Mẹkáníìkì tiẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ lé orúnkún, ó ń sọ pé Abẹ́rẹ́ gan-an nìyẹn, Abẹ́rẹ́ pátápátá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi rí ojú ẹ̀.

Mo wá ń dúró kó sọ pé òfin ti parí. Mo ti ṣètò ojú tí màá fi gbà bẹ́ẹ̀.

Tíṣà, tó ṣì máa ń wá wò wá, sún mọ́ ọn lórí igi ìtilẹ̀ ẹ̀, ó ní kó sinmi díẹ̀, kó tún gbìyànjú.

"Kò rẹ̀ mí," ni Kòrẹ̀mí sọ. Ó dìde, ó gba òòlù, ó mú ìṣó, ó lọ síbi igi. Ó gbá ara ẹ̀ ní àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀kan, kò ké. Ó kan kọ́kọ́rọ́ náà títí orí ìṣó fi wọlé.

Ó kàn mí. Mo gbé tèmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dìde wẹ́rẹ́. Tíṣà ní bó ṣe rí yìí, èmi ló yẹ kí n máa léwájú. Mo léwájú wọn dé orí afárá lọ́jọ́ náà, atẹ́gùn ń fẹ́ mi láyà, kò sí ẹ̀yìn ẹnì kankan níwájú mi. Ẹ jẹ́ n má purọ́ fún yín. Ó dùn.

Kòrẹ̀mí fọwọ́ ti alùpùpù ẹ̀ lọ sílé.

Láti ìgbà náà, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀. Mo máa ń rí i ní ibùdókọ̀, tó tò sẹ́yìn àwọn ọmọ ilé ìwé. Mo máa ń fun fèrè, á gbọ́wọ́ sókè. Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ wa ń kọjá lọ, mo dúró níwájú ẹ̀. Mo fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ìjókòó mi, mo ní ṣé kò ní jókòó sẹ́yìn mi ni, àyè wà. Àwọn yòókù wolẹ̀. Ó ní mo ṣeun.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọkọ òun ti ń ya wèrè díẹ̀díẹ̀. Ó ní gbogbo àárọ̀ ló ń tẹ́ alùpùpù náà sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa gbé e, á máa jù ú sílẹ̀, táìlì ilẹ̀ ti fọ́ tán. Kì í jẹun dáadáa mọ́. Ọkọ ẹ̀ ń sọ pé ọjọ́ orí òun ló ti wọ inú alùpùpù náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí pé kí n bá òun bá a sọ̀rọ̀, torí ó máa ń gbọ́ tèmi.

Mo lọ. Mo bá a níbi tó ti jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, ọwọ́ ẹ̀ bó.

Ó ní, "Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo dán an wò gbẹ̀yìn, àbúrò mi. Kí n tó gbé ìjókòó ẹ̀ wá fún ẹ. Ó dìde bí ọmọ ọwọ́. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ séèyàn láàárín Ọjọ́rú sí Sátidé?"

Ibi tó yẹ kí n ti sọ òótọ́ nìyẹn. Alùpùpù náà wà láàárín wa, sípánà wà lápò mi.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ogbó kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ gbà fún un."

Ó wo ọwọ́ ẹ̀. Ó mi orí. Mo wá sọ bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni, pé kó jẹ́ kí n gbé ìjókòó yẹn lọ, okùn ẹ̀ kan ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó kọ̀. Ó ní nínú gbogbo ohun tó wà lára alùpùpù náà, ẹ̀bùn mi nìkan ló ṣì tuntun.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni alùpùpù náà ṣubú lu ẹ̀gbọ́n mi. Àánú ọkọ ẹ̀ ló ṣe é, ó ní kí òun bá a di háńdù mú. Alùpùpù dìde dé ìdajì, ó yí padà, ó sì wó lé e lẹ́sẹ̀. Egungun ẹsẹ̀ ẹ̀ run bí ìkarahun ìgbín. Dókítà tò ó, ó sì sọ fún wọn pé kò ní rìn láìmú ọ̀pá dání mọ́ láyé.

Nígbà tí mo dé ọsíbítù, Kòrẹ̀mí jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan. Kò gbójú sókè. "Ogbó mi ló ṣubú lù ú," ni gbogbo ohun tó sọ.

Mo bó ọsàn fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Mo rán ìjókòó mìíràn tó jọ ti tẹ́lẹ̀, àwọ̀ kan náà, lẹ́dà kan náà, kò sí òjé nínú ẹ̀. Mo ṣọ́ ọ̀sán ọjọ́ kan tí Kòrẹ̀mí lọ ra oògùn, mo gbé e sínú àpò, mo mú sípánà, mo lọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi, lórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n dì lé àpótí, alùpùpù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi sípánà ṣe. Mo ní mo fẹ́ mú ìjókòó alùpùpù le ni, ó lè ti dẹ̀.

"Alùpùpù tí ẹnì kankan ò gùn?"

Mo ti ń tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ ẹ̀ lẹ́nu géètì. Mo dìde, mo ní mo gbàgbé nǹkan sí ṣọ́ọ̀bù. Sípánà ni mo gbàgbé. Orí ìjókòó náà ni mo fi sí.

Mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ sípánà náà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́, mo ka ìyẹn sí ti ẹsẹ̀ ẹ̀. Tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á gbé omi fún mi, wọ́n á sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Kòrẹ̀mí ò ráhùn mọ́. Mo kíyè sí i pé apá ẹ̀ ń kún, àyà ẹ̀ ń fẹ̀. Mo rò pé oúnjẹ ló ti padà ń jẹ. Ọkàn mi balẹ̀, mo sì ń léwájú ní gbogbo Sátidé.

Òjò tún dáwọ́ dúró. Sátidé tá a máa ń gbé alùpùpù tún pé.

A ti pé jọ sí ọgbà mẹkáníìkì nígbà tá a rí Kòrẹ̀mí tó ń ti alùpùpù ẹ̀ bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí ọ̀pá. Ó kí gbogbo wa, ó wá bi Tíṣà bóyá òfin sọ pé ẹni tó ti kan kọ́kọ́rọ́ ò lè gbé e mọ́. Tíṣà fọwọ́ ra àgbọ̀n. Ó ní òfin ò sọ bẹ́ẹ̀, kò ṣáà sẹ́ni tó rò pé ẹnì kan á padà wá ni.

Ó tẹ́ alùpùpù sílẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí i. Ó gbé e dìde bí ẹni gbé ọmọ jáde nínú omi ìwẹ̀.

Ariwo sọ. Ó tún tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó tún gbé e. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n dákẹ́. Ó tú etí ìró ẹ̀, ó yọ abẹfẹ́lẹ́ jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já okùn ìjókòó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tú aṣọ tó fẹ́ tún rán. Ó ká lẹ́dà, ó gbé fóòmù òkè. Ó ní kí mẹkáníìkì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mẹkáníìkì yọ ọ̀kan, ó fẹ́ẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó yọ èkejì. Ó ń tò wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi tán. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ni wọ́n.

"Sàdíìnì," ni mẹkáníìkì sọ jẹ́jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi. Kò gbóhùn sókè. "Nígbà tí ìyá wa ò ráyè, èmi ni mo kọ́ ẹ lábẹ́rẹ́. Kókó tó ò ń ta sápá òsì, èmi ni mo kọ́ ẹ. Lọ́jọ́ tó o gbàgbé sípánà ni mo tú ìjókòó yìí, mo wo inú ẹ̀, mo sì rán an padà. Látìgbà náà lo ti ń wá jókòó sílé mi, tó ò ń wò ó. O ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà lára ẹ̀."

Ó ní ọkọ òun ló sọ pé kí òun má yọ òjé náà. Ó ní ọkọ òun sọ pé tí òun bá ti lè gbé e tòun ti ìkà tó wà nínú ẹ̀, kò sóhun tóun ò lè gbé mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé yẹ̀yẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe, pé mo rò pé ó máa wọ́gi lé òfin ni. Ọ̀rọ̀ náà ò jọ nǹkan kan lẹ́nu mi. Tíṣà ń wo ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ì bá wà. Ẹ̀gbọ́n mi fara ti ọ̀pá ẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn dìde sí mi, Kòrẹ̀mí dá a dúró.

Ó ní, "Ẹ má lù ú. Àna mi ni." Ó kó òjé náà padà sínú ìjókòó, ó fi okùn dè é yíká, ó tẹ́ alùpùpù ẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi. "Ojoojúmọ́ ni mo gbé èyí. Ìwọ gbé e lẹ́ẹ̀kan péré."

Mo kẹ̀yìn sí i. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo fa gbogbo ohun tí mo ní. Alùpùpù náà ò mì. Orúnkún mi dún bí igi gbígbẹ, mo sì fìdí jókòó sílẹ̀ níbi tóun náà jókòó sí lọ́jọ́sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ṣi ẹni tí wọ́n ń rín mú lọ́tẹ̀ yìí.

Mẹkáníìkì mú òòlù wá. Kòrẹ̀mí ní rárá, Abẹ́rẹ́ ní tiẹ̀. Ó lọ síbi àpò irinṣẹ́ tí mo gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èyí tí mo yọ láàárọ̀ kí alùpùpù mi lè fúyẹ́. Ó tú u lójú gbogbo wọn, ó yọ òòlù kékeré tó fún mi lọ́jọ́ ìbí mi jáde. Ríbọ́ǹ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀.

Mo kan kọ́kọ́rọ́ mi mọ́ igi. Òun yọ tiẹ̀ kúrò.

Mo rò pé ó tán. Mo ti ń lọ nígbà tó pè mí padà. Ó ní lọ́jọ́sí, ní ibùdókọ̀, mo fi àyè ẹ̀yìn lọ òun, òun ò sì tíì san oore náà. Ó ní kí n gbé ìjókòó yẹn lọ sílé, kí n kó gbogbo òjé náà sápá ẹ̀yìn, kí n rán lẹ́dà lé e. Ó ní kí n má fi fóòmù kankan sí i. Ẹ̀gbọ́n mi fi kún un pé ọjọ́ tí mo bá kọ̀ láti jókòó síbẹ̀ ni kí n gbàgbé pé mo ní ẹ̀gbọ́n.

Mo rán an. Mo ta kókó ẹ̀ sápá òsì.

Tí ẹ bá ń gun alùpùpù títí dọjọ́ ogbó, mo bẹ̀ yín, ẹ máa gbé tiyín, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíì gbé tiẹ̀. Tí ọjọ́ bá pé tí ẹ ò lè gbé e, ẹ kan kọ́kọ́rọ́ yín mọ́ igi nígbà tí wọ́n ṣì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ sinmi díẹ̀ ná. Igi ò ní pa yín. Ohun tó wà lábẹ́ mi yìí ń pa mí.

Ní gbogbo Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà lórí ọ̀pá ẹ̀, á máa wò wá lọ. Kòrẹ̀mí ló ń léwájú, èmi ló wà lẹ́yìn ẹ̀, mo di ìbàdí ẹ̀ mú bí ìyàwó. Ó ti pé àádọ́rin ọdún, ojú ẹ̀ ṣì ń ríran kedere, kò sì sí kòtò kan lójú ọ̀nà yẹn tó ń yẹ̀ fún.

Tá a bá ti jáde nínú kòtò, á yíjú sẹ́yìn díẹ̀. "Abẹ́rẹ́, ṣé kò le jù?"

Mo máa ń dá a lóhùn.

"Fóòmù tuntun ni, ẹ̀gbọ́n. Ìdí mi ló máa rọ̀ ọ́."